Páálí Tí Ìyá Àgbà Jókòó Lé

Ìyá àgbà mi kì í gba ẹni tó bá mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ gbọ́. Ìbáà jẹ́ dókítà, ìbáà jẹ́ áńgẹ́lì, kó kọ́kọ́ fi hàn wọ́n ná. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ṣe nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn kékeré kan lápá Ìjẹ̀ṣà, kí màmá mi tó mú wọn wá sí Hamburg, sí Jenfeld, níbi tí wọ́n ti lo ọdún mẹ́sàn-án tó gbẹ̀yìn ayé wọn. Wọ́n ti lọ báyìí. A ti sin wọ́n. Àwọn èèyàn ti kí wa, wọ́n ti jẹun, kálukú ti wọkọ̀ lọ sílé ẹ̀. Èmi náà ti padà sí Berlin, mo jókòó sínú yàrá mi ní Tempelhof, kò sì sẹ́ni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ ìyá àgbà níbí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n sọ fún wọn kí wọ́n tó lọ, mi ò sọ ọ́. Mà á sọ ọ́ kí n tó gbé kálàmù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, torí bí ẹ ò bá mọ̀ wọ́n, ẹ ò ní mọ bí ohun tí mo ṣe ṣe burú tó.

Ìtọ̀ ṣúgà ló ń bá wọn fínra. Pflegedienst, àwọn tó máa ń wá tọ́jú arúgbó nílé, ń rán obìnrin kan tó ń jẹ́ Sabine sí wọn láràárọ̀ láti fún wọn lábẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Sabine ti mú nǹkan ẹ̀ jáde, ó ti ń rẹ́rìn-ín, àfi bí ìyá àgbà ṣe fa bùbá wọn bo ikùn. Wọ́n ní, "Neu?" Èdè Jámánì tí wọ́n gbọ́ kò tó ogún ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè bóyá nǹkan jẹ́ tuntun. Sabine ní, "Ja, ja, neu." Ìyá àgbà ní, "Zeigen." Kó fi han àwọn. Ojú obìnrin náà le, ó ṣe bí ẹni tí wọ́n pè ní olè. Ó tún tú àpò, ó mú abẹ́rẹ́ mìíràn tó ṣì wà nínú ìdì ẹ̀, ó já a lójú wọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ká bùbá sókè.

Nígbà tó yá, Sabine mọ̀ ọ́n ṣe. Kó tiẹ̀ tó bọ́ kóòtù ni á ti gbé ìdì abẹ́rẹ́ náà sẹ́bàá etí ìyá àgbà, á fà á ya, fàà, kí wọ́n gbọ́ ọ. Ìyá àgbà á wá mi orí bí ọ̀gá ilé ìwé. Ojú ń tì mí. Mo ní, "Ìyá àgbà, Jámánì lẹ wà o! Ta ló máa fi abẹ́rẹ́ ẹlòmíì gún yín níbí? Ẹ ò gba obìnrin yìí gbọ́ ni?"

Wọ́n ní, "Mo gbà á gbọ́. Ọwọ́ ẹ̀ ni mi ò gbà gbọ́. Ọwọ́ máa ń kánjú, Àjọkẹ́."

Títí ni gbogbo ayé ń pè mí. Àjọkẹ́ ni oríkì mi, ìyá àgbà nìkan ló sì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ó ti parí nìyẹn.

Ìjà tí ìyá àgbà bá àwọn aláìsàn jà nílé, lápá Ìjẹ̀ṣà, pọ̀ ju èyí tí wọ́n bá àìsàn jà lọ. Ẹ ṣáà mọ̀ wá. Oògùn tí kò bá dunni, a kì í kà á sí oògùn. Èèyàn á ti oko rìn wá, á ní kí nọ́ọ̀sì gún òun, ara ń ro òun. Bí wọ́n bá fún un ní hóró oògùn, á máa wò ó bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́pà. Ìyá àgbà máa ń sọ ti bàbá kan tí orí ń fọ́, tó ti tú okùn ṣòkòtò kí wọ́n tó bi í pé kí ló dé. Wọ́n ní kó so ṣòkòtò ẹ̀, hóró oògùn ló máa lò. Bàbá fárígá. Ó ní òun fi iṣẹ́ oko sílẹ̀ wá, òun ò ní lọ láìgba abẹ́rẹ́. Gbogbo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ló ń gbè sẹ́yìn bàbá, wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì ṣàánú àgbàlagbà. Ìyá àgbà dìde, wọ́n fọwọ́ mú ìbàdí, wọ́n ní, "Bàbá, orí ló ń fọ́ yín. Kí ni ìdí yín ṣe?"

A máa ń rẹ́rìn-ín títí, tí omi á fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kì í rẹ́rìn-ín dé ìparí ìtàn náà, torí bàbá yẹn bínú jáde, ó sì gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan lọ tó máa ń gbé báàgì kiri àdúgbò. Ọkùnrin náà kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í ṣe dókítà. Abẹ́rẹ́ kan àti fúláásì omi gbígbóná ló ní, ìyẹn ló fi ń gún gbogbo ilé, láti bàbá dórí ọmọ ọwọ́. Àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀ ju ìyá àgbà lọ. Kì í báni jà, kì í bèèrè ọ̀rọ̀, bó o bá ti ní kó gún ẹ, á gún ẹ. Ìyá àgbà ní òun lọ bá a nílé lẹ́ẹ̀kan, òun sì kúnlẹ̀ fún un, òun àgbà, kó jọ̀ọ́, kó máa lo tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin náà ní, "Màmá, ẹ dìde, mo ti gbọ́." Wọ́n ní, "Ó gbọ́ lóòótọ́. Ìgbọ́ràn ni kò gbọ́."

Nígbà tí wọ́n dé Jenfeld, orí fóònù ni wọ́n ti ń bá ìjà náà lọ. Ẹbí wa kan, Bísí, pè láti ilé lọ́jọ́ tó bímọ. Ayọ̀ ń pa á kú, ó ń sunkún. Ìyá àgbà ní, "Ta ló já ìdì abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gún ẹ? Ṣé ojú ẹ ló ṣe já a? Níbo ló jù ú sí nígbà tó lò ó tán?" Bísí pariwo pé, "Ìyá àgbà, ọmọ mà ni mo bí!" Ìyá àgbà ní, "Mo gbọ́, ẹ kú ewu ọmọ. Níbo ló jù ú sí?"

Ohun tí kò tètè yé mi nípa wọn ni bí wọ́n ṣe dá wà tó. Ilé alájà gíga ni wọ́n ń gbé, àjà kẹjọ, ẹ̀gbẹ́ ilé mìíràn tó jọ ọ́. Màmá mi á ti jáde láàárọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń dirun, ó di ìrọ̀lẹ́. Àbúrò mi Dàpọ̀, tó ṣì ń gbé lọ́dọ̀ wọn, gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀, "Ja, Oma," bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà, ni á fi dáhùn, á sì wọ yàrá. Bí wọ́n bá wọ Aufzug, ẹ̀rọ tó ń gbé wọn sókè sódò, wọ́n á kí àwọn òyìnbó inú ẹ̀ pé ẹ káàárọ̀, tàgbà tọmọdé. Àwọn kan á mi orí. Àwọn mìíràn á máa wo bàtà wọn. Nígbà tí mo ní kí wọ́n máa sọ "Guten Morgen" dípò ẹ̀, wọ́n ní ẹnu àwọn ni àwọn ń fi kíni, kì í ṣe etí ẹlòmíì.

Sọ́ọ̀sì nìkan ló kù fún wọn. Sọ́ọ̀sì Aládùúrà kan ni, inú gbọ̀ngàn tí wọ́n ń háyà. Bùrọ̀dá Kúnlé, tó máa ń kó ẹrù sí kọ́ńténà lọ sílé, ló ń fi mọ́tò ẹ̀ gbé wọn láràárọ̀ Sunday. Níbẹ̀, Màmá Nọ́ọ̀sì ni orúkọ wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kúnlẹ̀ kí wọn, tí wọ́n ń gbé ọmọ tuntun lé wọn lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n. Wọ́n á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wọlé pẹ̀lú sùtánà funfun, ara wọn á sì yá gágá. Mo bi wọ́n rí bóyá Jámánì ń sú wọn. Wọ́n ní, "Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń dákẹ́, Àjọkẹ́. Ọjọ́ keje ni mo fi ń sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ keje yẹn ni mo gbà lọ́wọ́ wọn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Tempelhof. Ilé ìwòsàn aládàáni kan tó fẹ́ kógbá sílé ń kó nǹkan dànù, ọ̀gá mi sì ní ẹni tó bá fẹ́ lè kó o. Mo rí báńdéèjì, mo rí ìbọ̀wọ́, mo rí sírínjì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ẹ̀, páálí páálí. Inú mi dùn. Mo pe Alàgbà ìjọ wa ní Hamburg, mo ní ẹ̀bùn wà fún àwọn ilé ìwòsàn ilé. Alàgbà yin Ọlọ́run. Wọ́n ní kí n kó o bọ̀, àwọn á gbàdúrà sí i lọ́jọ́ Sunday, Bùrọ̀dá Kúnlé á sì kó o sínú kọ́ńténà tó ń lọ lọ́sẹ̀ náà. Mo háyà mọ́tò, mo wa á láti Berlin. Nígbà tí mo wọ sọ́ọ̀sì, àtẹ́wọ́ sọ. Wọ́n ní ọmọ-ọmọ Màmá Nọ́ọ̀sì ni, ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Mo wo ìyá àgbà. Ẹ̀rín kún ojú wọn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè.

A to páálí síwájú pẹpẹ. Alàgbà gbé ọwọ́ sókè. Ìyá àgbà sì kúnlẹ̀ ti páálí kan bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án súre. Wọ́n ṣí i. Wọ́n mú sírínjì kan, wọ́n gbé e síbi tí iná ti mọ́lẹ̀. Wọ́n mú òmíràn. Alàgbà ti ń gbàdúrà lọ.

Ìyá àgbà ní, "Ẹ dúró, Alàgbà."

Ìdì àwọn kan ti ya. Omi ti wọ inú àwọn mìíràn, ó ti gbẹ, ó fi àmì sílẹ̀. Ìyá àgbà ní kò sẹ́ni tó mọ èyí tí wọ́n ti lò àti èyí tí wọn ò tíì lò, nítorí náà kò ní lọ. Alàgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́ pé, "Màmá, ẹ̀bùn ni o. Ilé ò ní èyí gan-an. Wọ́n á sè é, wọ́n á lò ó."

Ìyá àgbà ní, "Alàgbà, ẹ pe ọmọ yín wá, ká mú ọ̀kan nínú ẹ̀ gún un níbí."

Bùrọ̀dá Kúnlé ní kò sáyè àtimáa ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, bó bá máa lọ, kí gbogbo ẹ̀ lọ. Ó gbé ọwọ́ sí páálí. Ìyá àgbà dìde, wọ́n sì jókòó lé e. Arúgbó, nínú sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán, lórí páálí, níwájú pẹpẹ. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ohun tí màmá mi pàápàá ò gbọ́ rí. Wọ́n ní láyé ìgbà tí àwọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, sírínjì onígíláàsì ni àwọn ń lò, àwọn ń sè é nínú ìkòkò kí àwọn tó tún un lò. Lọ́jọ́ kan, kẹrosíìnì tán nígbà tí èrò ṣì tò lọ súà. Wọ́n ní, "Mi ò fẹ́ kí wọ́n padà sílé lásán. Mo ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́ tó wà lórí ẹ̀, mi ò pààrọ̀ sírínjì. Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ní ṣebí abẹ́rẹ́ nìkan ló ń wọ ara. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ibà apọ́njú mú mẹ́ta nínú àwọn tó tò lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀kan kú, ìyàwó tuntun. Bóyá láti ọwọ́ mi ni, bóyá kì í ṣe láti ọwọ́ mi, mi ò mọ̀. Mi ò lè mọ̀ títí mà á fi kú. Ṣùgbọ́n mi ò ní jókòó síbí kí n máa ṣe àmín sí èyí."

Páálí náà ò lọ. Bí àwọn èèyàn ṣe ń jáde, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún ẹnì kejì pé, "Ẹni tó ti pààyàn rí ló wá ń kọ́ wa." Inú bí mi sí ìyá àgbà, kò bí mi sí obìnrin náà. Ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ni mo ti kò wọ́n lójú. Mo ní, "Ẹ dójú tì mí! Ẹ̀yin lẹ pààyàn, èmi lẹ wá ń dá lẹ́jọ́!" Wọ́n wò mí. Wọ́n gbé bàtà wọn tí wọ́n mú lọ́wọ́ sílẹ̀, wọ́n rọra ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Kò sẹ́ni tó lé wọn ní sọ́ọ̀sì. Tiwa kì í rí bẹ́ẹ̀. Mọ́tò Bùrọ̀dá Kúnlé ṣáà ń kún ni. "Mọ́tò ti kún o, Màmá. Ó di Sunday tó ń bọ̀." Sunday tó ń bọ̀, ó tún ti kún. Màmá mi ní wọ́n á ti wẹ̀, wọ́n á ti wọ sùtánà láti aago méje, wọ́n á jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n á máa wo ìsàlẹ̀ títí di ọ̀sán. Ó tó oṣù méjì kí wọ́n tó yéé wọ̀ ọ́.

Èmi náà kẹ̀yìn sí wọn. Ọkọ̀ ojú irin láti Berlin sí Hamburg ò tó wákàtí méjì, oṣù mọ́kànlá ni mi ò fi wọ̀ ọ́. Mo ní iṣẹ́ ni. Mo ní ìgbà òtútù ni. Ọjọ́ Sunday ni wọ́n máa ń pè mí, lásìkò tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, mà á sì máa wo fóònù títí tí á fi dákẹ́. Màmá mi pè mí, ó ní, "Títí, ìyá mi ń sọ Yorùbá fún Sabine, Sabine ń fi Jámánì dá wọn lóhùn, wọn ò gbọ́ra wọn, wọ́n á sì jọ máa rẹ́rìn-ín. Obìnrin yẹn nìkan ló kù fún wọn. Jọ̀ọ́, wá wo ìyá mi." Mo ní mà á wá. Mi ò lọ.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, wọ́n pè mí níbi iṣẹ́. Mo gbé e. Mi ò mọ ohun tó mú mi gbé e.

Wọ́n ní, "Àjọkẹ́."

Mo ní, "Ẹ káàsán, mà."

Wọ́n ní, "Mi ò fẹ́ gba àkókò rẹ. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yìí. Ohun tí mo ṣe sí páálí yẹn, bó bá di ọ̀la, mà á tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n kọ́kọ́ fà ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n sọ ọ́ sí ẹ létí. Mo dójú tì ẹ́ láàárín èrò. Ìwọ rò pé oore lò ń ṣe. O ò mọ̀. Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀? Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ. Ọmọdé ni ẹ́, ọkàn rẹ mọ́. Má bínú sí mi. Mo bẹ̀ ẹ́, Àjọkẹ́."

Nílé tiwa, àgbà kì í bẹ ọmọdé báyẹn. Láàárọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni Sabine wọlé bá wọn lórí àga, wọ́n ti lọ.

Ohun tí mi ò sọ nìyí. Mo ti rí i. Nígbà tí mò ń kó páálí yẹn sínú mọ́tò ní Tempelhof, ìdí ọ̀kan já, nǹkan inú ẹ̀ tú sílẹ̀. Mo rí àwọn ìdì tó ya. Mo rí èyí tí omi wọ̀. Mo mú ọ̀kan, mo yí i síbí yí i sọ́hùn-ún, mo sì mọ̀ dájú pé kò sí ilé ìwòsàn kan ní ìlú Berlin yìí tó máa gbà á lọ́wọ́ mi. Mo ṣà wọ́n padà sínú páálí, mo fi téèpù lẹ ìdí ẹ̀. Mo ní, "Ilé ló ṣáà ń lọ. Wọ́n á rí i lò."

Ó yẹ kí n sọ ọ́ lọ́jọ́bọ̀ yẹn. Wọ́n fún mi láyè lórí fóònù, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Mo gbé fóònù sétí, mo jẹ́ kí wọ́n bẹ̀ mí tán.